Ta ni olùdíje yóò mú ṣe igbákejì? Ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti Kétu

Olùkọ́ kan ní Kétu ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti fa Romuald Wadagni kalẹ̀ fún ipò ààrẹ Benin ní ìparí oṣù Ògún 2025 títí di ìgbà tí dúó rẹ̀, ìyẹn òun àti igbákejì tí wọ́n jọ ń díje, jáde ní oṣù Ọ̀wàrà, kò sí ìjókòó tí a kì í ti í dárúkọ igbákejì níbí. Àwọn kan ní ọmọ Kétu ni, àwọn kan ní ọmọ Sábẹ̀ẹ́ ni, àna mi sì búra pé òfin ló ní kó jẹ́ ará àríwá, kó sì jẹ́ obìnrin. Nígbà tí ó jáde tán, Mariam Chabi Talata tí ó ti wà nípò náà tẹ́lẹ̀ ni, ẹni tí a kò tilẹ̀ rántí dárúkọ. Kí ló dé tí gbogbo wa fi kùnà? Kí ló yẹ kí ènìyàn máa wò? Ṣé a lè rí ọmọ Yorùbá nínú dúó lọ́jọ́ kan?”

Ẹ ṣé, àbúrò mi. Kí n tó dé orí ohun tí ó mú yín kùnà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àna yín lóhùn, nítorí ohun tí ó sọ ti tàn láti Kétu dé Pọ̀bẹ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n kàwé dáadáa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Kò sí ibì kankan nínú òfin ilẹ̀ wa tí wọ́n ti kọ ọ́ pé igbákejì ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ará àríwá tàbí kó jẹ́ obìnrin. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Òfin Ìpìlẹ̀ ní oṣù Bélú 2019 ni ó dá ipò náà sílẹ̀, tí ó sì ní kí a máa dìbò fún ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ pọ̀ lórí ìwé ìdìbò kan náà. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Benin, kí ìwà wọn mọ́, kí ọjọ́ orí wọn má dín ní 40 ọdún, kó má sì ju 70 lọ, kí àwọn dókítà jẹ́rìí sí ìlera wọn, kí wọ́n sì rí àwọn aṣòfin àti àwọn mẹ́ẹ̀rì tí yóò buwọ́ lùwé fún wọn. Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin ti wọlé ni ti àga 24 tí òfin ìdìbò yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin ní Ilé Aṣòfin, àga kan fún ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Ilé Aṣòfin nìyẹn, kò kan dúó rárá. Ti àríwá ní tirẹ̀, àṣà ni, àṣà sì máa ń lágbára ju òfin lọ nígbà mìíràn, nítorí náà n kò ní pe àna yín ní aláìmọ̀kan. Ohun tí ó fojú rí ní 2021, tí ó tún fojú rí ní 2025, ìyẹn obìnrin ará àríwá nínú dúó, ni ó sọ di òfin.

Àṣìṣe kejì fara sin nínú ìbéèrè tiyín gan-an. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ipò igbákejì jẹ́ ọrẹ tí olùdíje ń fi ta ìlú kan, tí a kàn ń dúró kí ó kan ìlú tiwa. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè yìí ti ní igbákejì ààrẹ rí, kí a tó bí púpọ̀ nínú wa, ìtàn ìgbà náà sì ni ó là mí lójú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1960, Hubert Maga, ọmọ àríwá, ni ó di ààrẹ Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà, Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, ni igbákejì rẹ̀; Justin Ahomadégbé tí àwọn ará Abomey wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kù síta. Àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n pín ibò orílẹ̀-èdè láàárín ara wọn nígbà náà, olúkúlùkù pẹ̀lú agbègbè tirẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni méjì tí ó bá pawọ́ pọ̀ ni yóò borí ẹnì kẹta. Kì í ṣe ìfẹ́ Àjàṣẹ́ ni ó mú kí Maga fa Apithy mọ́ra. Ibò Àjàṣẹ́ ni kò ní. Nígbà tí ìjọba Maga wó ní oṣù Ọ̀wàrà 1963, Apithy di ààrẹ ní 1964, Ahomadégbé sì di igbákejì rẹ̀ àti olórí ìjọba. Àwọn méjèèjì wá ń fa àṣẹ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí iṣẹ́ ìjọba fi dúró, ọ̀gágun Christophe Soglo sì lé wọn kúrò ní ìparí 1965. Ní 1970 wọ́n tún gbìyànjú rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ààrẹ tí olúkúlùkù yóò fi ṣe olórí fún ọdún 2. Maga lo tirẹ̀ tán, Ahomadégbé kò tíì lo oṣù mẹ́fà nínú tirẹ̀ tí ológun Mathieu Kérékou fi gba ìjọba ní 26 oṣù Ọ̀wàrà 1972, kò sì kan Apithy rárá.

Àwọn olóṣèlú wa kò gbàgbé nǹkan wọ̀nyí, bí ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò bá tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Igbákejì tí ó ní ìlú tirẹ̀ lẹ́yìn, tí ibò rẹ̀ kì í ṣe láti ọwọ́ ààrẹ, ọ̀gá kejì ni. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1990 kò fi igbákejì ààrẹ sí i rárá. Bí àga ààrẹ bá ṣófo, ààrẹ Ilé Aṣòfin ni yóò di ìjọba mú títí ìdìbò mìíràn. Láti 2019 ni ọ̀rọ̀ ti yí padà: bí ààrẹ bá kú, tí ó bá kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, tàbí tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé, igbákejì ni yóò bọ́ sípò rẹ̀, tí yóò sì parí sáà náà. Nítorí náà ẹni tí olùdíje ń mú kì í ṣe ẹni tí yóò kàn máa bá a lọ sí ayẹyẹ. Ẹni tí ó lè jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́la ni. Olùdíje tí ó bá ní làákàyè yóò wo ojú ẹni náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá sì rí i pé onítọ̀hún ti ń wo àga ààrẹ láti ọjọ́ pípẹ́, yóò fi í sílẹ̀. Gbogbo orúkọ ńlá tí ẹ dárúkọ fún mi nínú ìwé yín, tí n kò ní tún sọ níbí, orúkọ àwọn tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ààrẹ fúnra wọn ni. Ohun tí ó mú kí ẹ rò pé wọ́n tó ipò náà gan-an ni ó lé wọn kúrò lórí ìwé.

Lẹ́yìn ìbẹ̀rù ni ìṣirò, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí pé níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ti ń parí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ. Kò sí dúó tí ó lè díje láìsí ìbuwọ́lù. Ní 2021, ìbuwọ́lù 16 nínú 160 ni òfin béèrè, ìyẹn lára àwọn aṣòfin 83 àti mẹ́ẹ̀rì 77. Wọ́n yí i padà ní 2024: ó di ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó jẹ́ 28 nínú aṣòfin 109 àti mẹ́ẹ̀rì 77, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ti ojú kan wá, nítorí òfin ní kí wọ́n tó ìdá 3 nínú 5 àwọn ẹkùn ìdìbò. Nínú ìdìbò aṣòfin oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023, Union Progressiste le Renouveau rí àga 53, Bloc Républicain rí 28, Les Démocrates, ẹgbẹ́ alátakò, náà rí 28. Ẹ wo Les Démocrates yẹn dáadáa: ìbuwọ́lù 28 ni wọ́n ń wá, aṣòfin 28 ni wọ́n ní, kò ṣẹ́ kù rárá. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè mú igbákejì tí yóò bí aṣòfin kan ṣoṣo nínú. Ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025 ni CENA, àjọ tí ó ń ṣètò ìdìbò, fi gba fáìlì. Ẹgbẹ́ náà pẹ́ kí wọ́n tó fa amòfin Renaud Agbodjo kalẹ̀ pẹ̀lú Jude Lodjou, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin wọn sì ní òun kò fún wọn ní ìbuwọ́lù òun mọ́. Ó ku 27. Dúó náà kò sí lórí ìwé títí a fi parí oṣù. Ní 2021 náà, ìbuwọ́lù ni ó dí Reckya Madougou àti Patrick Djivo lọ́nà, òun náà ni ó dí Joël Aïvo àti Moïse Kérékou lọ́nà. Ẹ fi ojú inú wo iye wákàtí tí àwọn ènìyàn fi jiyàn lórí ìlú tí àwọn igbákejì wọ̀nyí ti wá, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé tí ó yẹ kí wọ́n kà ni iye aṣòfin ẹgbẹ́ náà.

Nígbà tí ìbuwọ́lù bá ti dájú, olùdíje á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí kò ní. Ẹni tí iṣu kún àká rẹ̀ kì í lọ ra iṣu lọ́jà; epo tàbí iyọ̀ ni yóò wá lọ. Ní 2021, Patrice Talon tí ó ti jẹ́ ààrẹ tẹ́lẹ̀ ní owó, ó ní ìjọba lọ́wọ́, ó ní gúúsù tí ó ti jáde wá, ó sì ní ẹgbẹ́ méjì ńlá, Union Progressiste àti Bloc Républicain, lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó wá ni ẹni tí yóò jẹ́ kí àríwá rí ara wọn nínú rẹ̀, tí kò ní jẹ́ orogún rẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan nínú méjèèjì rò pé wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ. Mariam Chabi Talata jẹ́ ọmọ Borgou ní àríwá, ó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ó ti ṣe alábòójútó ilé ẹ̀kọ́, ó sì wà lára àwọn igbákejì ààrẹ Ilé Aṣòfin nígbà náà. Ó mọ iṣẹ́ ìjọba, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀. Dúó náà wọlé pẹ̀lú ìdá 86 lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ibò ọjọ́ 11 oṣù Igbe 2021, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lókè, ọ̀pọ̀ àwọn tí ìbá bá wọn jà ni kò sí nínú ìdíje.

Ti 2025 wá ya yín lẹ́nu nítorí pé ẹ ń wá orúkọ tuntun. Wàyí o, èrò tèmi ni mo fẹ́ sọ yìí, n kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti pinnu. Romuald Wadagni, ọmọ Lokossa, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó láti 2016 nígbà náà, ẹni tí iṣẹ́ owó sọ di ẹni mímọ̀, ni ẹgbẹ́ méjèèjì jọ fà kalẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí a fi ìpolongo mọ̀ láti abúlé dé abúlé, àríwá sì jìnnà sí i bí ó ti jìnnà sí Talon. Bí ó bá wá mú ẹni tuntun, láti inú ẹgbẹ́ wo ni yóò ti mú un? Bí ó bá mú un láti Union Progressiste, Bloc Républicain á bínú. Bí ó bá mú un láti Bloc Républicain, àwọn tí àga wọn pọ̀ jù á béèrè ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tí ó ti wà lórí àga kò gba àga lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tún jẹ́ àmì fún àwọn olùdìbò pé ìjọba tí wọ́n mọ̀ ni yóò máa bá a lọ, ó sì gba olùdíje lọ́wọ́ àtimáa ṣe àlàyé ẹni tuntun fún ènìyàn nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹni tuntun lójú wọn. Bí a bá ti fi ìbéèrè yẹn síwájú ara wa ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ìbá kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àròsọ kì í fẹ́ràn ẹni tí ó ti wà níbẹ̀, nítorí kò dùn ún sọ.

Níbo wá ni àwọn orúkọ tí ẹ gbọ́ ti ń wá? Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ìròyìn ní èdè Yorùbá láti Àjàṣẹ́ níbí, mo sì lè sọ fún yín pé díẹ̀ nínú wọn ni ó ti inú ilé olùdíje jáde. Púpọ̀ máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ náà jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn kan yóò pe akọ̀ròyìn, yóò ní òun gbọ́ pé wọ́n ti ń bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀. Akọ̀ròyìn á ní “a gbọ́ pé”, ọ̀gá náà á wá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, á ní ẹ ò rí i pé gbogbo ìlú ń pe orúkọ mi. Bí kò tilẹ̀ rí igbákejì, ó lè rí ipò mìíràn. Nígbà mìíràn ọ̀tá ni ó ń dárúkọ ẹni, kí olùdíje lè rò pé onítọ̀hún ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹgbẹ́ náà á sì máa ju orúkọ kan síta láti wo ẹni tí yóò bínú. Èyí tí ó kù ni tiwa, àwa ará ìlú, tí a ń sọ ohun tí ọkàn wa fẹ́ bí ẹni pé a gbọ́ ọ níbì kan. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, ó ń dá ni lára yá nínú oòrùn, àmọ́ kí a má fi wé ìròyìn.

Ohun mìíràn tí ó ń da ọ̀rọ̀ rú fún àwa tí a wà létí ààlà ni rédíò Nàìjíríà, tí àwọn ará Kétu ń gbọ́ ju ti Kútọnu lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ń ka Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n ń ka àríwá àti gúúsù, àwọn ènìyàn wa sì ń gbé ìṣirò náà wá sílé bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n òfin tiwọn ní kí ààrẹ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ibò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá, nítorí náà ẹni tí agbègbè kan ṣoṣo fẹ́ràn kò lè wọlé. Ní tiwa, ẹni tí ó bá ju ìdajì ibò lọ ti wọlé, bí kò bá sì sí ẹni tí ó rí i, a ó dìbò lẹ́ẹ̀kejì. Òfin tiwọn náà kò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nínú ọ̀rọ̀ igbákejì. Abiola àti Kingibe ní 1993, Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni Tinubu àti Shettima ní 2023. Ìyàtọ̀ ńlá kan tún wà. Ní 2022, Tinubu kọ́kọ́ fi orúkọ Kabir Masari ránṣẹ́ kí àkókò má bàa kọjá, ó tó di oṣù Agẹmọ kí ó tó mú Kashim Shettima. Peter Obi fi Doyin Okupe dí àyè náà kí ó tó mú Datti Baba-Ahmed. Àwọn tí wọ́n rí ìyẹn ni wọ́n ń sọ ní ọjà Kétu pé “kò tíì parí, wọ́n ṣì lè pààrọ̀ rẹ̀” lẹ́yìn tí fáìlì ti wọ CENA. Kí wọ́n má gbé ara lé e: orúkọ méjèèjì ni àwọn ènìyàn buwọ́ lù, dúó sì ni orúkọ tí òfin fi ń pè wọ́n.

Ó wá ku ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn yín gan-an, ti ọmọ Yorùbá. N kò ní tàn yín. Kò sí ohun tí ó dí i lọ́nà nínú òfin, ó sì ti sún mọ́ wa rí ju bí a ti ń rántí lọ: láti 2003 sí 2007, Antoine Idji Kolawolé, ọmọ agbègbè Kétu, ni ààrẹ Ilé Aṣòfin, lábẹ́ òfin ìgbà náà òun gan-an ni yóò sì di àga ààrẹ mú bí ó bá ṣófo. Ohun tí ó ṣòro ni pé kò sí agbọ̀n ibò kan tí a lè pè ní ti Yorùbá. Kétu àti Pọ̀bẹ́ wà ní ẹkùn ìdìbò 22, Sákétẹ́, Ifangni àti Adja-Ouèrè wà ní 21, Sábẹ̀ẹ́ wà pẹ̀lú Ouèssè àti Glazoué ní 10, Bantè àti Dassa wà ní 9, àwọn kan sì tún wà lókè ní Tchaourou. Wọn kì í dìbò papọ̀, olórí wọn kì í ṣe ọ̀kan, bí olùdíje sì bá ń ka gúúsù, yóò ka Plateau, agbègbè Kétu àti Sákétẹ́, mọ́ ọn, bí ó bá ń ka àárín ilẹ̀, yóò ka Sábẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, ọmọ Collines, agbègbè Sábẹ̀ẹ́ àti Dassa, ni ọ̀nà náà gbòòrò fún jù nínú wa, nítorí pé ó lè ṣe àárín fún olùdíje láti ìhà méjèèjì, àmọ́ yóò nira fún un níwọ̀n ìgbà tí olùdíje bá ti jẹ́ ará gúúsù tí ó sì nílò Borgou àti Alibori ní àríwá ju ohunkóhun lọ. Bí olùdíje ńlá kan bá wá láti àríwá lọ́jọ́ kan, ìṣirò náà á yí padà, Plateau náà á sì wọ inú rẹ̀.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí ẹ ó máa wò. Àtúnṣe oṣù Bélú 2025 ti sọ sáà ààrẹ di ọdún 7, nítorí náà lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Igbe 2026, ó di 2033 kí irú àròsọ yìí tó tún gbóná, bí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀ láàárín. N kò lè sọ orúkọ kan fún yín láti ìsinsìnyí, ẹni tí ó bá ní òun lè sọ ọ́ ń ṣeré ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ yín, n ó ṣí ìwé kan, n ó máa kọ iye aṣòfin àti mẹ́ẹ̀rì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i, n ó sì máa ṣọ́ àwọn tí ẹgbẹ́ ń fún ní iṣẹ́ tí kò láriwo: alága ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní agbègbè, ẹni tí wọ́n máa ń rán láti parí ìjà láàárín ẹgbẹ́ méjì. Bí ọmọ Kétu tàbí ọmọ Sábẹ̀ẹ́ kan bá pẹ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀tá, orúkọ tirẹ̀ ni n ó kọ sókè pátápátá, bí kò tilẹ̀ sí ẹnì kan tí ó tíì pè é ní ìdí ayò.